Ìkóódẹ Lórí Ọba Aláṣọ Funfun

Ẹ lọ síbi ìnáwó èyíkéyìí lọ́jọ́ Sátidé, yálà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ ó rí ọkùnrin ẹni ọdún 55 tó dé fìlà aláwọ̀ ọsàn, tó ń jó, tó ń nawó. Aṣọ ẹbí ni. Wọ́n mú un wá, ó san owó rẹ̀, kò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó yẹ òun. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ọkùnrin yìí kan náà á padà sínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú, bí ẹni pé wọ́n ká a mọ́bi tó ti ń ṣe ohun tí kò yẹ. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Léèsì aláwọ̀ àlùbọ́sà wà nínú àpótí, gèlè àwọ̀ ìyeyè wà nínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n àǹkárá tó ń ró lọ sọ́jà kò kọjá búlúù tó ṣú. Bí igba èèyàn bá jọ wọ àwọ̀ kan, ẹ̀rù kì í ba ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìgbà tó bá ku èèyàn nìkan lójú títì ni àyà ń já.

Ti àwọn mìíràn tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ẹ wo obìnrin tó ṣe opó. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí, takàbá oṣù 4 àti ọjọ́ 10 ni; nílé àwọn mìíràn, aṣọ ọ̀fọ̀ lè wà lára fún ọdún kan gbáko. Ọjọ́ pé, wọ́n bọ́ dúdú kúrò lára rẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n jẹun, wọ́n túká. Ṣùgbọ́n dúdú ti mọ́ ọn lára. Ó dé ìsọ̀ aláǹkárá, pupa wù ú, ọwọ́ rẹ̀ tún padà sórí èyí tó ṣókùnkùn. Kí ni ẹbí ọkọ máa wí? Ṣé wọn ò ní sọ pé ó ti gbàgbé olóògbé?

Mi ò gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú Ifá kí Ifá lè bá wa yan àwọ̀. Télọ̀ gidi lè ṣe ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ kí Ifá bá wa wò ni ẹni tí à ń bẹ̀rù gan-an.

Ẹsẹ kan wà nínú Odù Ògúndá Méjì tí àwọn babaláwo máa ń kì bí ọ̀rọ̀ bá kan Orí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tó jáde ní 1976, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ló sì ti kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba inú ẹsẹ náà já: nínú gbogbo òrìṣà, ta ló lè bá ẹni tó ń sìn ín rìnrìn àjò jíjìn, títí kọjá òkun, tí kò ní pẹ̀yìn dà lọ́nà? Ṣàngó ló kọ́kọ́ gbẹ́nu lé e pé òun ni. Wọ́n ní ó dáa, bó bá rìn títí tó dé Kòso, ilé baba rẹ̀, tí wọ́n se gbẹ̀gìrì, tí wọ́n ro ọkà, tí wọ́n gbé orógbó àti àkùkọ kalẹ̀ ńkọ́? Ṣàngó ní bí òun bá yó tán, ilé òun lòun ń lọ. Wọ́n ní a jẹ́ pé òun kọ́. Ọya jáde, wọ́n bi í nípa Irá. Òòṣàálá jáde, wọ́n bi í nípa Ìfọ́n àti ìgbín tó ń bẹ níbẹ̀. Ògún dé Ìrè, Ọ̀ṣun dé Ìjùmú, oúnjẹ kálukú ń dúró dè é. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀ kò yọ sílẹ̀: bó bá dé Òkè Ìgẹ̀tí tó rí eku àti ẹja, òun náà á yà sílé. Ìgbà tí ẹnu gbogbo wọn wọhò ni Ifá tó là á pé Orí nìkan ni.

Ohun tó wù mí jù nínú ẹsẹ yìí ni pé kò bú òrìṣà kankan. Kò pe Ṣàngó ní ọ̀dàlẹ̀, kò pe Ọya ní aláìnífẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dé ilé rẹ̀, tó bá oúnjẹ tó fẹ́ràn lórí iná, yóò jókòó jẹun, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ òrìṣà bá rí bẹ́ẹ̀, kí wá ni ti aládùúgbò? Obìnrin tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, tó rí bùbá pupa lọ́rùn yín, tó wá lọgun pé, "Hẹ̀ẹ́n, ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ ti padà di ọmọge o!", ṣé ẹ rò pé bùbá yín ni yóò máa rò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú? Ó ní àmàlà tó fẹ́ lọ rò. Ọmọ rẹ̀ kò tíì ti iléèwé dé. Kòso tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀, yóò yà síbẹ̀ láìpẹ́. Ẹbí ọkọ náà ní Ìfọ́n tiwọn. Kí wọ́n tó délé, wọ́n ti gbàgbé. Ẹni tó bá yín wọ ilé, tó bá yín bọ́ bùbá náà, tó sì mọ̀ bóyá inú yín dùn nínú rẹ̀ tàbí kò dùn, Orí yín ni.

Àgbà awo kan lè fajú ro sí mi pé ẹsẹ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìpín ẹ̀dá ni mo wọ́ wá sídìí àǹkárá. Wọn ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Orí tó lè bá èèyàn la òkun já kò ní kọ̀ láti bá a dé Ọjà Ọba lọ́jọ́ Ajé. Ohun kékeré ojoojúmọ́ sì ni èèyàn fi ń mọ̀ bóyá òun fọkàn tán Orí òun lóòótọ́.

Wọ́n á ní ṣebí Yorùbá ló sọ pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òótọ́ ni, mi ò bá òwe jà. Ẹni tó wọ aṣọ ìdọ̀tí lọ síbi iṣẹ́ ń wá ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n òwe yẹn kò sọ níbì kankan pé eérú níyì ju àwọ̀ ewé lọ. Àwa la fi ìyẹn kún un, bóyá láti ọ́fíìsì àwọn òyìnbó amúnisìn. Ẹtù tí àwọn bàbá wa ń fi aró ṣe ṣú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàárì, tó pọ́n dòdò, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àpótí kan náà, iyì rẹ̀ kò sì dín. Òwú sílíkì pupa tí wọ́n fi ń hun ún, ẹrù àwọn oníṣòwò tó gba aginjù Sàhárà kọjá ni. Àwọ̀ àjèjì ni àlàárì nígbà kan. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ dá a ró lọ sóde, ká tó máa pè é ní aṣọ àgbà.

Ìgboyà ní tirẹ̀ kì í ṣe wàdùwàdù. Ìtàn Afùwàpẹ́ nínú Ogbègúndá kò jẹ́ kí n sọ pé kí ẹnikẹ́ni sáré lọ ra àwọ̀ tó bá ti ń tàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé, wọ́n sì ní láti yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún àti Oríléémèrè ọmọ Ìja kò bá Àjàlá nílé, wọ́n wọlé, wọ́n wò yíká, wọ́n gbé èyí tó rẹwà lójú wọn. Òjò ká wọn mọ́nà, ó sì ba àwọn orí náà jẹ́. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, ó rúbọ, ó fi iyọ̀ han onílẹ̀kùn tó ń fi eérú se ọbẹ̀, onílẹ̀kùn yẹn ló sì là á lọ́yẹ̀ pé gbèsè ló mú kí Àjàlá sá gun òkè àjà. Ó bá Àjàlá san gbèsè. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a yan orí tó le. Ẹni tó bá fẹ́ kó àwọ̀ tuntun wọlé lè kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀: ẹ bi aláṣọ léèrè bóyá yóò ṣá, ẹ gbé e síta sínú oòrùn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú yín níwájú dígí, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín obìnrin tí kì í pọ́n yín lé. Iná ṣọ́ọ̀bù máa ń purọ́ fún àwọ̀.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti èèwọ̀, nítorí àwọn kan á ti máa rò ó. Odù tó bí èèyàn lè ka àwọ̀ kan léèwọ̀ fún un. Ẹlòmíràn kì í wọ dúdú, ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kan pupa. Àwọn ọmọ Òòṣàálá fẹ́ràn àlà, pupa kò sì ṣàjèjì sí ilé Ṣàngó. Kódà nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́, wọn kì í wọ aṣọ pupa tàbí dúdú. Ẹni tó ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó mọ ìdí tí kò fi wọ̀ ọ́, ó sì lè sọ ọ́. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí Ifá kò ka àwọ̀ kan léèwọ̀ fún, tí ìjọ rẹ̀ kò ní kó má wọ̀ ọ́, tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe òfin kalẹ̀ pé àwọ̀ ìyeyè kì í ṣe tèmi. Odù wo ló bí ìyẹn? Babaláwo tó bá sì ń kì fún un, ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀: ìdè Ifá kì í ṣe aláwọ̀ kan ṣoṣo. Àwọ̀ ewé wà níbẹ̀, èyí tó pọ́n rúsúrúsú wà níbẹ̀. Ní Cuba, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò ni àwọn ọmọ Ọ̀rúnmìlà ń so mọ́ ọwọ́.

Ìtàn tó tú ọ̀rọ̀ yìí fún mi jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílé. Ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ni Mestre Didi ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ Mãe Senhora, ìyálórìṣà ilé Ilê Axé Opô Afonjá, ni, ìwé náà sì jáde ní 1966. Ó ń ṣàlàyé ìdí tí Òòṣàálá, ọba aláṣọ funfun, fi ń lo ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìrù odídẹ. Obìnrin kan, ọmọ Ọ̀ṣun, ló ń tọ́jú àwọn ohun ọ̀ṣọ́ Òòṣàálá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń jowú rẹ̀. Wọ́n sọ adé Òòṣàálá sínú òkun, ó rí i padà nínú ẹja. Wọ́n wá ṣe àga rẹ̀ lóògùn lọ́jọ́ ọdún, ó lẹ̀ mọ́ ọn; bó ti fagbára dìde, ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀, pupa sì ba ibi funfun jẹ́. Ó sá jáde pẹ̀lú ìtìjú. Ó kan ilẹ̀kùn òrìṣà kan, wọ́n tì í. Ó kan òmíràn, wọ́n tì í. Ilé Ọ̀ṣun nìkan ló ṣí fún un, ibẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ ti di ìkóódẹ. Òkìkí kàn. Àwọn tó tìlẹ̀kùn ń wá wòran, wọ́n ń sanwó. Nígbẹ̀yìn, Òòṣàálá fúnra rẹ̀ dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó mú ìyẹ́ kan, ó fi sórí. Títí dòní, bí wọ́n bá ń sọ ẹnì kan di ìyàwó òrìṣà ní Bahia, ìkóódẹ máa ń wà níwájú orí rẹ̀.

Nínú ìtàn yìí, pupa kò yí padà rárá. Pupa tí wọ́n torí rẹ̀ tìlẹ̀kùn ni pupa tí wọ́n sanwó wá wò. Ojú àwọn òǹwòran ló yí padà, ojú wọn sì lè yí padà nígbàkígbà, ìdí nìyí tí kò fi dára kéèyàn máa fi ojú wọn yan aṣọ. Ti Òòṣàálá fúnra rẹ̀ ló tún yà mí lẹ́nu jù. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pupa. Òun nìkan ló ní ẹnu láti sọ pé ó tó. Kò sì bọ́ àlà sílẹ̀. Kò lọ dá agbádá pupa. Ìyẹ́ kan ṣoṣo, lórí.

Mo rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí obìnrin tó bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òun àti ọkùnrin oníṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Orí tó máa bá èèyàn débi gbogbo ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ àwọ̀ tuntun. Fìlà aláwọ̀ ewé lórí bùbá àti ṣòkòtò tó ti mọ́ yín lára. Gèlè pupa lórí ìró búlúù tó ṣú. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ kò rántí mọ́ pé ó wà lórí yín, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ìborùn, kó tó dé bùbá. Ẹ lọ sọ́jà àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Aró nìkan ló jọba níbẹ̀ nígbà kan, báyìí gbogbo àwọ̀ ló tẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, èyí tí owó yín ká wà níbẹ̀. Kí ó jẹ́ ọjọ́ Ajé ni ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nítorí lọ́jọ́ Sátidé aṣọ ẹbí yóò tún kó yín mọ́ra, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́ tàbí ẹgbẹ́. Ẹni tó bá rí yín lọ́nà á kí yín bí Yorùbá ṣe ń kí aláṣọ tuntun, pé ẹ ó lò ó gbó, ẹ ó sì tún rà sí i. Ẹ fèsì pé àmín, kí ẹ tẹsẹ̀ mọ́rìn, kí ọkọ̀ má baà fi yín sílẹ̀.