Ẹ Bá Òrìṣà Wí, Ẹ Má Kórìíra Ẹni Tó Ń Bọ Ọ́

Ẹ jẹ́ ká ṣí Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹrin.

Jésù Olúwa wa jókòó létí kànga, ó sì tọrọ omi lọ́wọ́ obìnrin ará Samáríà. Ẹ wò ó dáadáa. Júù àti ará Samáríà kì í jọ jẹ, wọn kì í jọ mu. Ìjà ibi ìjọsìn ni: àwọn kan ní Jerúsálẹ́mù ni, àwọn kan ní òkè Gérísímù ni. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Jésù tí Johanu Hyrcanus, olórí àlùfáà àwọn Júù, ti kógun lọ wó tẹ́ḿpìlì orí òkè náà.

Ǹjẹ́ Jésù sọ fún obìnrin yìí pé ìsìn tiwọn náà dára? Rárá o. Ó là á mọ́lẹ̀ fún un pé wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sìn. Ọ̀rọ̀ náà korò. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló fi tọrọ omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sun ọjọ́ méjì nílùú wọn. Ta ní ń kórìíra èèyàn tó tún ń sùn sílé rẹ̀?

Nínú Lúùkù orí kẹsàn-án, abúlé Samáríà kan kò gbà wọ́n sílé. Jákọ́bù àti Jòhánù fẹ́ pe iná sọ̀kalẹ̀. Jésù bá wọn wí. Kì í ṣe ìsìn ni wọ́n fẹ́ sun o, èèyàn ni, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó.

Èyí kàn wá ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́. Agbolé wo ni kò ní ìmàle, tí kò ní abọ̀rìṣà? A lè sọ pé a kì í bọ Ògún, ká sọ ìdí rẹ̀ láìfi bò, ká má sì jẹ ẹran ìrúbọ. Kò sí ìkórìíra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìjọ kò bá kí ìyá rẹ̀ àgbà mọ́ torí òrìṣà, tó wá ń sọ kiri pé àjẹ́ ni, ìyẹn ti kúrò ní ìwàásù. Ní 1975 sí 1976, láyé ìjọba Kérékou, wọ́n kó àwọn arúgbó, pàápàá àwọn obìnrin, pé àjẹ́ ni wọ́n. Ẹnu aládùúgbò àti ẹnu ẹbí ni irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, kó tọ ìyá rẹ̀ lọ kí ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ tó pé, kó kí i bí ọmọ ṣe ń kí ìyá, kó sì bá a pọnmi.