Ta Ló Dé Ṣóńṣó Òkè?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó fi àwọn òkè mú ilẹ̀ dúró. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, àwa ará Èkìtì kì í ṣe àjèjì sí òkè. Àwọn àgbà ní láti ara òkìtì ni orúkọ wa ti wá. Orí Òkè Ayọ̀bá ni ilé gómìnà wà ní Adó, ẹni tí ó bá sì gba Ìkẹ́rẹ́ kọjá yóò rí àwọn àpáta ńláńlá tí ó yí ìlú náà ká. Ṣùgbọ́n òkè tiwa kò ní yìnyín. A lè gun òmíràn ní òwúrọ̀ kí á sì padà délé kí wọ́n tó pe ìrun Àyìlá. Òkè tí ọ̀rọ̀ òní dá lé lórí kò rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó sì bí kan gbogbo wa: ẹni tí ó ń lọ sí ṣóńṣó òkè, tí ó bá ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣé kí ó kọjá ni, àbí kí ó dúró?

Everest ni òkè tí ó ga jù láyé. Ó wà ní ààlà Nepal àti Ṣáínà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 8,849 mítà. Yìnyín kì í tán lára rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Lókè téńté, afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń rí mí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa lọ, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gùn ún fi ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn. Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ni wọ́n kọ́kọ́ dé ṣóńṣó rẹ̀ tí wọ́n sì padà wá ròyìn, ní May 29, 1953. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti débẹ̀, àwọn tí ó sì ti kú sára òkè náà ju 300 lọ.

Ní oṣù May 2006, ohun méjì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti David Sharp, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 34. Ó jókòó sábẹ́ àpáta kan, òtútù ti mú un lọ́wọ́ mú un lẹ́sẹ̀. Ìròyìn sọ pé nǹkan bí 40 ènìyàn ló kọjá lára rẹ̀. Àwọn kan kò rí i, àwọn kan rò pé ó ti kú, àwọn díẹ̀ gbìyànjú fún un, ṣùgbọ́n ó kú síbẹ̀. Hillary, tí ó ti darúgbó nígbà náà, bínú gidigidi sí ọ̀rọ̀ yìí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Lincoln Hall, ará Ọsirélíà, dé ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ó ṣubú bí ó ti ń bọ̀. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ sínú yìnyín. Nígbà tí ilẹ̀ May 26 mọ́, Dan Mazur, ará Amẹ́ríkà, àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń gòkè bá a níbi tí ó jókòó sí. Ó ṣì wà láàyè! Ojú ọjọ́ mọ́, ṣóńṣó kò sì ju ìrìn nǹkan bí wákàtí méjì mọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́ àti ohun mímu, wọ́n fi rédíò ránṣẹ́ sí ìsàlẹ̀, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí àwọn tí yóò gbé e fi dé. Hall yè. Àwọn mẹ́rin náà padà sílé láìdé ṣóńṣó.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, nítorí Hall lè fi ẹsẹ̀ rìn, Sharp kò sì lè dìde. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò wọ inú irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, kí ó ṣọ́ra kí ó tó dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ọlọ́hun kì í di ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ta ló mọ̀ pé Hall yóò yè, kí àwọn mẹ́rin yẹn tó dúró? Wọ́n ṣáà ti kéde ikú rẹ̀. Dídúró ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó kọjá láìdúró ti dá ẹjọ́ ikú fún ẹni tí kò bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí a bá sì ní kò sí agbára mọ́, agbára wo ni a wá fi ń gòkè lọ?

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe gidi ni fún ẹni tí kò fẹ́ ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àáké ara ẹni ni òwe náà ń sọ. Kò ní kí á fi orí ọmọ ẹlòmíràn la àpáta.

Nínú Súrà Al-Balad, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa ọ̀nà òkè kan tí ó ṣòro gùn. Nígbà tí Ó sì ṣàlàyé rẹ̀, kò dárúkọ àpáta tàbí yìnyín. Ìtúsílẹ̀ ẹrú ni Ó pè é, àti bíbọ́ ọmọ òrukàn àti tálákà ní ọjọ́ ebi. Ànábì wa pẹ̀lú fi àpẹẹrẹ lélẹ̀: bí ó bá wà lórí ìrun tí ó sì gbọ́ igbe ọmọdé, a máa gé ìrun náà kúrú nítorí ìyá ọmọ náà. Bí ìrun, tí í ṣe òpó ẹ̀sìn, bá lè kúrú nítorí ẹkún ọmọ, ṣóńṣó wo ni kò lè dúró de ẹni tí ń kú lọ?

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò rí Everest, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní òkè tí ó ń gùn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lé ìwé ẹ̀rí, oníṣòwò ń lé èrè, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ń lé òkè òkun. Èyí kò burú. Ìsìláàmù kò ní kí á jókòó sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tí ó ṣubú lójú ọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́, tí gbogbo ọkọ̀ ń yà fún? Ìyá tí ó ń ṣàìsàn ńkọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ráyè nítorí ìwé ìrìnnà? Àwa ẹlẹ́gbẹ́ náà ńkọ́, tí à ń dáwó kí ilé gogoro mọ́sáláṣí wa lè ga sí i, nígbà tí ọmọ òrukàn ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ń fi ebi sùn?

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó dé ṣóńṣó yóò ṣáà tún sọ̀ kalẹ̀. Ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, a kò ní bi wá bí òkè wa ti ga tó, bí kò ṣe ohun tí a ṣe sí ẹni tí a bá lójú ọ̀nà. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ẹsẹ̀ tí ń gòkè, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí ó mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dúró. Àmín.