Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí A Yẹ Ilé Jẹ́lé-ó-sinmi Wò?

Ọ̀pọ̀ òbí nínú ìjọ wa ni ó ń fi ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta sí ilé jẹ́lé-ó-sinmi kí wọ́n tó gba ọjà tàbí ibi iṣẹ́ lọ. Bí ẹni tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bá jẹ́ ẹni tí a jọ ń kúnlẹ̀ níbi Mísà, ǹjẹ́ ó bá ìfẹ́ ọmọnìkejì mu kí a máa yẹ ilé rẹ̀ wò, kí a sì máa bi í léèrè? Àwọn kan a máa wí pé Kristẹni kò gbọdọ̀ fura sí arákùnrin rẹ̀.

Òtítọ́ ni pé Òfin Kẹjọ kọ̀ fún wa láti dá ènìyàn lẹ́bi láìnídìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí ó wò bóyá kànga inú àgbàlá ní ìdérí kò ṣe ìdájọ́ ọkàn ẹnikẹ́ni. Kànga ni ó wò. Ẹni rere pàápàá lè ní kànga tí kò ní ìdérí.

Ìdí mìíràn wà tí ó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá fi owó mi sọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí ó sì sọnù, èmi tí mo gbẹ́kẹ̀ lé e ni yóò jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òbí bá fi ọmọ sí ibi tí kò wádìí, ọmọ ni yóò jìyà, ọmọ tí a kò bi léèrè, tí kò sì tíì lè fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Àpérò Fatikan Kejì kọ́ wa ní ọdún 1965 pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Kò gba ipò yín.

Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹta, ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sì wà ní òkè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn aláṣẹ sọ pé a ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. N kò sọ èyí láti dá òbí kankan lẹ́bi. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé àmì ara ògiri nìkan kò lè gba ọmọ là.

Kí ni kí a wò, nígbà náà? Kí a má ṣe fi Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́. Kí a wo ògiri bóyá ó sán, àti ẹnu-ọ̀nà bóyá ọmọdé lè dá jáde sí títì. Kí a béèrè iye ọmọ tí olùkọ́ kan ń bójú tó, àti ẹni tí wọ́n lè fà wọ́n lé lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá parí. Kí a béèrè bóyá ìjọba ti fọwọ́ sí i. Kí a sì béèrè ìtàn rẹ̀: bí ọmọ bá ti farapa níbẹ̀ rí, kí ni wọ́n ṣe? Ilé tí ó bá wí pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ibi tí ọmọdé bá ti ń ṣeré, orúnkún yóò bó. Èyí tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì ránṣẹ́ sí òbí lọ́jọ́ náà gan-an, ni ó yẹ ní gbígbẹ́kẹ̀lé.

Ẹ lè wí pé, “Fada, èyí tí agbára wa ká ni a ń mú.” Mo gbọ́, ṣùgbọ́n wíwò kò gba owó. Bí ẹ bá rí àléébù, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún onílé-ẹ̀kọ́ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Òbí mẹ́wàá lè dáwó ra ìdérí kànga. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ọmọ yín kúrò, kí ẹ sì fi tó aláṣẹ létí, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ṣì kù níbẹ̀. Ẹ̀yin onílé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ẹ má ṣe bínú sí ẹni tí ó bi yín léèrè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí Màríà Mímọ́ àti Jósẹ́fù Mímọ́, tí wọ́n rò pé Ọmọ náà wà láàrín àwọn ìbátan, tí wọ́n sì padà lọ wá a, máa bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo òbí ìjọ yìí. Àmín.