Ajá Kan, Ojúlé Kan

Àwọn àgbà ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì. Òwe yìí ni àbúrò mi kan fi dá mi lóhùn nígbà tí mo ní kó wá ajá kan ṣoṣo tí yóò máa bá a lọ sígbó ọdẹ, tí yóò sì máa gbé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Lójú tirẹ̀, ajá ọdẹ lọ́tọ̀, ajá ilé lọ́tọ̀. Mo ní kó tún òwe náà gbọ́. Ojúlé méjì ni àgbà kọ̀, wọn ò kọ iṣẹ́ méjì. Ajá tó lé ọ̀yà lóko láàárọ̀, tó sì dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà olówó rẹ̀ lálẹ́, ojúlé kan náà ló ń ṣọ́.

Àwọn ọdẹ Jámánì ti ro ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọlọ́lá lè ní ajá ọ̀tọ̀ fún ẹyẹ, ọ̀tọ̀ fún ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọdẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹyọ kan tí yóò fi imú wá ẹyẹ rí, tí yóò tọ ipasẹ̀ ẹran tó fara gbọta, tí yóò sì wẹ odò lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ wá. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló bí Deutsch Drahthaar, ajá onírun gbàgìdì. Ọdún 1902 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ètò wọn ni pé ajá tó bá ń sá fún ìró ìbọn, wọn kì í jẹ́ kó bímọ, ì báà rẹwà bí òṣùmàrè.

Tiwa ò kéré. Ajá ìbílẹ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi ṣẹ̀sín pé ekuke, òun náà ló ń gbẹ́ ihò òkété, tó ń lé ọ̀yà jáde nínú koríko, tó ń dá àwọ́nríwọ́n dúró títí ọdẹ fi dé. Irun rẹ̀ kúrú, oòrùn ò pa á lára, ohun tí ará ilé jẹ kù ló sì ń jẹ. Ajá òyìnbó onírun jọ̀bọ̀tọ̀ tí àbúrò mi kọ́kọ́ fẹ́ rà, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò máa bèèrè.

Lẹ́bàá Ìgbò-Ọrà la ti rí ohun tí à ń wá, nílé ọdẹ àgbà kan. Àbúrò mi mú àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà, dání. Ọmọ ajá márùn-ún ló wà nílẹ̀, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mi ò kọ́kọ́ wò wọ́n. Ìyá wọn ni mo wò. Ẹni bíni làá jọ. Ó gbó nígbà tí a wọlé, bàbá bá a wí, ó sì dákẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá ń fo orí rẹ̀ kọjá, adìẹ ń ṣa ọkà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbéra. Níbẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ajá ọdẹ tó ń fojú ọ̀yà wo adìẹ, ìjà aládùúgbò ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àbúrò mi nawọ́ sí dúdú kan tó tóbi jù, tó ń já etí àwọn yòókù jẹ. “Ẹ̀gbọ́n, akíkanjú nìyẹn.” Mo ní ìjàngbọ̀n ni. Mo ju agolo mílíìkì òfìfo sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ọ̀kan sá wọ abẹ́ àga, kò jáde mọ́. Dúdú dojú ìjà kọ agolo. Pupa kan ta gìrì, ó fà sẹ́yìn, ó wò ó, ó sì padà wá gbóòórùn rẹ̀. Bàbá wọ́ awọ ọ̀yà gba inú koríko lọ, pupa yìí tọ̀ ọ́ dópin. Bàbá fọn fèrè, ó gbórí sókè. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, èyí gbọ́.

“Abo ni,” àbúrò mi wí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ká má purọ́, bí abo bá ti ń wá akọ, bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, gbogbo akọ àdúgbò ni yóò sùn sẹ́nu ọ̀nà. Oníṣègùn ẹran lè bá ni wá nǹkan ṣe sí i. Igbó ò bèèrè akọ tàbí abo.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi: kó gba èkínní bó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí àbúrò mi má sì jẹ́ kó yẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ẹni tí àrùn yìí mú jọ, mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ara ajá ló ti wá. Ọmọdé ló sì ń bá ajá ṣeré jù nínú ilé.

Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ owó. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà.

“Ta ni yóò máa fún un lóúnjẹ?”

“Èmi, sà.”

“Kí lo máa fún un?”

“Ẹ̀kọ. Àti orí ẹja.”

“Bí o bá fi ebi pa á, mo máa wá mú un padà o.”

Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀, ó mi orí. Ìgbà yẹn ni ọdẹ àgbà náà tó yíjú sí àbúrò mi, tó dá iye tó fẹ́ gbà.