ÌWỌ̀ NÍNÚ ÌYẸ́

Kà: Jákọ́bù 1:12-15

Olùfẹ́, ní Montana, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn apẹja kan a máa wa mọ́tò láti odò Madison dé odò Gallatin, láàrin àwọn òkè, nítorí ẹja trout. Wọn kì í lo ekòló. Ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò. Ìyẹ́ lásán o! Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jù ú, wọn a kọ́kọ́ ṣí òkúta inú odò wò: kí ni ẹja ń jẹ lónìí?

Ọ̀tá kò ní fi ohun tí o kórìíra dẹ ọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ ló ń dà ọ́ láàmú? Owó tí kì í ṣe tìrẹ ni yóò gbé sórí tábìlì rẹ. Òkúta wo ló ti ṣí wò nílé rẹ?

Àdúrà: Olúwa, là mí lójú kí n tó la ẹnu, ní orúkọ Jésù.