Opó, Ọkọ̀ àti Ọ̀nà Òkè

Ìbéèrè kan wà tí mo ti ń gbé kiri fún ìgbà díẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìgbọ́kànlé ènìyàn bá sọnù, ǹjẹ́ ẹlòmíràn lè bá a wá a rí, kí ó sì fi lé e lọ́wọ́? Tàbí ohun tí olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ ni? Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì nìyí, kí n lọ bá wọn. N kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ opó kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni ìbéèrè náà ti bá mi, ibẹ̀ ni n ó sì ti tú u.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí mo ń kọ́ nìyẹn. Ìgbọ́kànlé: gbé ọkàn lé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dá dúró. Bí ènìyàn bá ní òun gbọ́kàn lé, a ó bi í pé, lé kí ni? Ó lè jẹ́ Ọlọ́run, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ọmọ, ó lè jẹ́ ọkọ. Ọkàn nínú ọ̀rọ̀ yìí dà bí ẹrù tí a gbé ka orí nǹkan. Bí a bá yọ nǹkan náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹrù kò ní rọ̀ sí òfuurufú máa dúró dè wá. Ilẹ̀ ni yóò bá.

Màmá Ẹ̀fọ̀n ni àwa ọmọ ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, nítorí Ẹ̀fọ̀n ni ó lọ́kọ sí. (Ẹ má ṣe kà á sí àfojúdi pé mo ń pe àgbà ní "ó". Bí mo bá ní "wọ́n", ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe òun àti èyí tí í ṣe àwọn tí ń ṣe nǹkan fún un, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi wà.) Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ogójì ọmọ kì í sì í pariwo níwájú rẹ̀. Ó ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ni ó máa ń wakọ̀. Òun a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a gbé àpamọ́wọ́ lé itan. Ní ọdún 2022 ni bàbá náà kú. Láti ìgbà náà, obìnrin tí ń pàṣẹ fún ogójì ọmọ kò lè sọ irú ọbẹ̀ tí a ó sè mọ́. Bí a bá bi í, a ní, "Èyí tó bá wù yín." Gbólóhùn yẹn bà mí lẹ́rù ju ẹkún lọ.

Kì í ṣe pé a kò tọ́jú rẹ̀. Wọ́n tù ú nínú, wọ́n jókòó tì í, wọ́n bá a ra tòmátò, wọ́n bá a lọ sí báǹkì, wọ́n bá a dáhùn fóònù. Bí ó bá fẹ́ dìde, wọn a ní, "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ní ayé àtijọ́ wọn ì bá sé e mọ́lé, wọn ì bá fá orí rẹ̀, wọn ì bá sì ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí opó jẹ́ olùwà fún. Àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ṣe é, òun ni wọ́n ń ṣe é fún tàbí tí wọ́n ń ṣe é sí. Lóòótọ́, a máa ń sọ pé "ó ń ṣe opó", ó sì jẹ́ olùwà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹni tí ń ṣe opó ń ṣe? Jíjókòó ni. Òfin Ìsìláàmù fi ìjókòó náà sí oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Àṣà àwọn ìlú wa náà ní òǹkà tirẹ̀. Ẹni gbogbo mọ ọjọ́ tí a ó bọ́ aṣọ dúdú. Kò sí ẹni tí ó ń ka ọjọ́ tí a ó ṣíwọ́ "ẹ jókòó".

Nígbà tí ó di oṣù kẹjọ, ó béèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ìdílé pe ìpàdé. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí á ta ọkọ̀ yẹn. Ibi tí ẹ bá ń lọ, àwọn ọmọ yóò máa gbé yín lọ." Ènìyàn rere ni bàbá yìí, kò fẹ́ jogún ọkọ̀, ẹ̀rù ni ó ń bà á. Ènìyàn burúkú kò ṣòro dá lóhùn. Ẹni tí ó fẹ́ràn wa, tí ó sì ń fi ìfẹ́ náà dè wá mọ́lẹ̀, òun ni kò rọrùn. Ẹnìkan níbẹ̀ tilẹ̀ ṣe àwàdà pé ọkọ kú, ó fẹ́ fi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ohùn kan ṣoṣo ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Kí mọ́tò tó dé, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn baba wa ń pè bẹ́ẹ̀, àjẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wà á. Nígbà tí mọ́tò dé, a kò yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà. A ṣì ń wa ọkọ̀, bí ẹni pé àjẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ó dùn mọ́ mi pé èdè wa kò gbà pé ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ń gbé ènìyàn lọ.

Ó gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ti rí fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbà á. Àárín òkè ni Ẹ̀fọ̀n wà. Bí ènìyàn bá kúrò níbẹ̀ tí ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn, yóò ti orí òkè sọ̀ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí Erin-Ìjẹ̀ṣà wà, tí omi Olúmirìn ti ń já láti orí àpáta. Ọ̀nà náà kò tọ́. Ó ń wọ́ lọ bí ejò, òkè ní ọwọ́ kan, àfonífojì ní ọwọ́ kejì. Ní àárọ̀, kùrukùru a máa bo ojú ọ̀nà, tírélà elẹ́rù a sì máa rá pálá gòkè bí ìgbín. Àwọn àgbà awakọ̀ ń kọ́ ọmọṣẹ́ wọn pé jíà tí a fi gun òkè ni kí á fi sọ̀ ọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé bí a bá fi bíréèkì nìkan di ọkọ̀ mú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, bíréèkì yóò gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Ṣùgbọ́n bí jíà bá kéré, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni yóò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, kí kọ́ọ̀nà tó dé ni awakọ̀ ti gbọ́dọ̀ pinnu. Bí ó bá dé inú kọ́ọ̀nà kí ó tó ronú, ó ti pẹ́. Níbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó jókòó. Ó ti jókòó. Ìjókòó náà ni iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ó fi wakọ̀ láàárín ìlú. Lẹ́yìn náà ó lọ títí dé ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ó sì yí padà. Ní ọjọ́ Sátidé kan ó sọ̀ dé Erin-Ìjẹ̀ṣà. Bí ó ti ń gòkè bọ̀, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ ní agbede méjì òkè, tírélà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń fọn fèrè. Ó fa bíréèkì ọwọ́. Ó ṣáná, kò gbà. Ó tún ṣáná, ó gbà. Nígbà tí ó délé, ó sọ ọ́ fún wa bí ẹni ń sọ iye tí ó ra iṣu. Ìyá mi wá bi í pé kí ni a ó sè. "Ẹ̀fọ́," ni ó wí. "Kì í ṣe ilá." Ìyá mi wọ ilé ìdáná lọ, ó ń nu ojú.

Aristotle, ará Gíríìkì ayé àtijọ́, kọ́ni pé nípa ṣíṣe ohun tí akin ń ṣe ni ènìyàn fi ń di akin, bí ẹni tí ń kọ́ ilé ti ń di mọlémọlé. Mo gba èyí gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó ku ibì kan. Obìnrin yìí kò ṣàì ṣe nǹkan ní oṣù mẹ́jọ yẹn. A mú un rìn lọ sí ọjà, a mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìṣe wà níbẹ̀, kò sì so èso. Ní ìsinmi kan mo bẹ̀ ẹ́ pé kí n tẹ̀lé e lọ sí Ìkọ́gòsì, láti lọ wo ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé. Ó kọ̀. Ó ní, "Bí o bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ojú rẹ ni n ó máa wò bí kọ́ọ̀nà bá dé." Mo rò pé ìdáhùn ìbéèrè mi wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ju inú ìwé lọ. Kì í ṣe ìṣe lásán ni ó ń dá ọkàn padà sí ipò, bí kò ṣe ìṣe tí ìpinnu rẹ̀ kò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò fi dá mi lóhùn: ènìyàn laṣọ. Wọn yóò ní àwa kì í ṣe òyìnbó tí ń dá gbé, àti pé ẹni tí ó ń wá ara rẹ̀ lórí òkè níbi tí kò sí ènìyàn ń wá a níbi tí kò sí. N kò jiyàn pé ènìyàn laṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi aṣọ wé láti orí dé ẹsẹ̀, tí kò lè yọ ọwọ́ jáde, òkú ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Àti pé Màmá Ẹ̀fọ̀n kò sá fún ènìyàn. Lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ ni ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aládùúgbò jà lórí gọ́tà, èyí tí ó ti dákẹ́ lé lórí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ó ṣe mí ní kàyéfì bí a ti ń fi ojú fo irú nǹkan báyìí. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó lè sọ fún yín pé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni wọ́n kà sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ta ni ó ń rántí pé ọkọ rẹ̀ kú ní 1955, àti pé ọdún 23 ni ó fi jẹ́ opó kí òun náà tó kú ní 1978? A mú ọkọ̀ rẹ̀, a fi òpó rẹ̀ sílẹ̀.

Àtakò tí ó wúwo jùlọ ni ti ewu, n kò sì ní fi ẹnu fọ́n ọn dànù. Ọ̀nà náà ti pa ènìyàn. Èyí tí ó burú ju kọ́ọ̀nà lọ sì tún dé: ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Bí ọba kò bá là, kí ni ti opó nínú ọkọ̀ ògbólógbòó? Àbúrò ọkọ rẹ̀ tún wá. Kò tíì jókòó tán tí Màmá Ẹ̀fọ̀n fi sọ fún un pé òun ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, àti pé òun kò ní lọ títí òun yóò fi gbọ́ pé ọ̀nà ti rọ̀. Oṣù mẹ́ta ni kò fi jáde. Nígbà tí ó tún bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀sán gangan ni ó ń lọ, a sì máa sọ wákàtí tí òun yóò padà fún àwọn awakọ̀ ní gáréèjì kí ó tó lọ. Ní tèmi, oṣù mẹ́ta tí kò lọ yẹn jẹ́ ẹ̀rí tí ó ju gbogbo ìrìn tí ó rìn lọ. Ẹni tí kò lè dúró, agídí ni ó ní. Ẹni tí a dá dúró, ìbẹ̀rù ẹlòmíràn ni ó ń jẹ. Òun ni ó dá ara rẹ̀ dúró, òun náà ni ó sì mọ ìgbà tí yóò tún ṣáná.

Ó wá ku ìbéèrè tí mo bi lẹ́ẹ̀kan: lé kí ni? Ibo ni ó gbé ọkàn náà lé báyìí? Aláwàdà inú ìpàdé yóò ní orí ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, jíà ọkọ̀ náà bàjẹ́ pátápátá, ó sì lo oṣù méjì gbáko lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ṣọ́ ọ dáadáa ní àkókò yẹn, nítorí bí ó bá jẹ́ pé orí irin ni ọkàn rẹ̀ wà, ó yẹ kí ó tún já bọ́. Ó ń wọ bọ́ọ̀sì bí gbogbo ènìyàn, ó ń bá kọ̀ndọ́ útọ̀ jiyàn ṣéńjì, ó sì pinnu pé òun yóò kun yàrá ọkọ òun ní ọ̀dà. Mo bi í bóyá kò ro ọkọ̀. Ó ní ó ro ó díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí mi, ó ní, "Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n." Bí àwọn olùkọ́ wa bá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó kó ohun tí ọwọ́ náà mọ̀ já, kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú ìwé yìí.