Ta Ló Bèèrè Òrìṣà Olúfọ́n?

Ifá kìlọ̀ fún Òrìṣà Olúfọ́n pé kó má lọ sí Ọ̀yọ́. Òrìṣà ní dandan ni kí òun fojú kan Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, ọ̀rẹ́ òun. Babaláwo ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kó sì fara da ohunkóhun tó bá bá a lọ́nà. Ó kúrò ní Ìfọ́n. Èṣù da epo sí i lára, ó da èédú, ó da àdín; Òrìṣà wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé, ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó fẹ́ dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba kígbe olè lé e lórí, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún 7 ló lò níbẹ̀. Ọ̀dá dá, obìnrin ò bímọ, kí Ṣàngó tó dífá, tó gbọ́ pé aláìṣẹ̀ kan wà látìmọ́lé òun.

Sùúrù ni a sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni. Ṣùgbọ́n sùúrù Òrìṣà kò ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n. Ìgbà tí Ṣàngó bèèrè ni ilẹ̀kùn ṣí. Ẹni tí ìyà ń jẹ ló ni sùúrù, ọ̀rẹ́ ló ni ìbéèrè.

Ẹni tí a kò bèèrè wà láàárín wa náà. Láàárín 1979 sí 1983, Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà náà, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú fún mẹ̀kúnnù káàkiri Èkó. Ògiri kan péré ló wà láàárín ará ẹ̀sìtéètì bẹ́ẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀. Opó tí kì í jáde mọ́, bàbá tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: à ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn, a ò gbọ́ ohùn wọn. Nínú agboolé, bí ẹnìkan ò bá yọjú láàárọ̀, wọn á kanlẹ̀kùn: "Ṣé kò sí o?"

Ìfọ́n tí Òrìṣà ti gbéra náà ní iṣẹ́ ìbéèrè yìí láti ṣe. Ní 2025, ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ọ̀rẹ́ tí a kò tíì bèèrè wà ní òdìkejì ààlà.

Nígbà tí Ṣàngó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́wọ̀n, kò fi "mi ò mọ̀" ṣe àwáwí. Ó ní kí àwọn èèyàn òun wọ funfun, kí wọ́n pọnmi wẹ ọ̀rẹ́ òun. Àwọn ọlọ́rìṣà Bahia ní Brazil ṣì ń ṣe ìrántí ìwẹ̀ yẹn dòní. Ẹbọ tiwa kò wọ́n: ká kanlẹ̀kùn, ká jókòó, ká gbọ́ ọ̀rọ̀ títí yóò fi tán lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́.